Rọ́bà Tó Ń Gba Ẹrẹ̀ Nínú Camaro

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn ọkọ̀ alágbára ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì nìkan ni a máa ń ròyìn. Ford gbé Mustang jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1964. Chevrolet gbé Camaro dìde sí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966. Ṣùgbọ́n rọ́bà dúdú kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Camaro ni tèmi dá lé lórí.

Ihò wà lára irin tó pààlà sáàrin táyà iwájú àti ẹ́ńjìnnì; ibẹ̀ ni apá irin tó di táyà mú gbà kọjá. Rọ́bà yìí ló bo ihò náà, kí ẹrẹ̀ àti omi tí táyà ń ta má baà dé ara ẹ́ńjìnnì. Wọn kò fi bóòtù dè é. Wáyà líle, bíi píìnì tí a fi ń so ìwé pọ̀ ṣùgbọ́n tó nípọn jù ú lọ, ni wọ́n fi kàn án mọ́ irin. (Mẹkáníìkì àdúgbò wa ì bá ti jù ú sígbó!)

Rọ́bà tuntun wà lọ́jà. Síbẹ̀, bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì gbó já, mo ní kí á tọ́jú rẹ̀. Kí á ya fọ́tò rẹ̀ kí á tó yọ ọ́, kí á rọra na ẹsẹ̀ wáyà rẹ̀, kí á fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Kì í ṣe bẹntiróòlù, nítorí ó máa ń ba rọ́bà jẹ́. Bí wáyà kan bá wọ́ díẹ̀, kí á dá a padà bó ṣe wọ́: ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan nìyẹn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìtàn. Ilé iṣẹ́ méjèèjì tí wọ́n ti to àwọn Camaro àkọ́kọ́ náà ti kógbá sílé: ti Norwood ní Ohio lọ́dún 1987, ti Van Nuys ní California lọ́dún 1992.