Gámbíà, Rohingya àti Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé: Ìtàn Bí Orílẹ̀-Èdè Kékeré Ṣe Gba Ẹjọ́ Ẹlẹ́jọ́ Rò

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ará ilé ni òwe yìí ń bá wí. Kò sọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí ó bá jẹ́ pé ará ọ̀nà jíjìn ni ó ń ṣe ibi. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, orílẹ̀-èdè Gámbíà pe orílẹ̀-èdè Myanmar, èyí tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Bómà, lẹ́jọ́ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú The Hague. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé Myanmar ń pa ẹ̀yà Rohingya run. Gámbíà kò bá Myanmar pààlà, kò sì sọ pé wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ òun kankan níbẹ̀. Òun ni orílẹ̀-èdè tí ó kéré jù lọ lórí ilẹ̀ ńlá Áfíríkà: ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀lé odò kan ṣoṣo, tí Sẹ̀nẹ̀gà yí ká àyàfi níbi tí ó ti kan òkun, tí iye àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Rakhine

Ìpínlẹ̀ Rakhine ní ìwọ̀-oòrùn Myanmar ni ilé àwọn Rohingya, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1982 lórí ẹni tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ yọ wọ́n sẹ́yìn, ó sọ wọ́n di aláìnílùú nínú ilé bàbá wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn ajìjàgbara kan láàrin wọn kọlu àgọ́ àwọn ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ-ogun ìjọba wá dáwọ́ lé ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀ àti iná sísun láti abúlé dé abúlé. Àwọn tí ó sá wọ Bàngládẹ́ṣì lé ní 700,000. Ní 2018, àwọn olùwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn sọ pé ó yẹ kí a wádìí àwọn ọ̀gá ológun Myanmar lórí ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibi tí à ń wí yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá tó bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rò. Arakan ni orúkọ Rakhine nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ará Nàìjíríà àti ará Gámbíà pẹ̀lú, ti bá àwọn ará Jàpáànì jà. Ọ̀kan lára wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ìbọn àwọn ará Jàpáànì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Mùsùlùmí kan ní abúlé tí ó wà nítòsí, láàrin àwọn ènìyàn tí à ń pè ní Rohingya lónìí, ni ó fi òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Sàró pamọ́, tí ó ń bọ́ wọn, títí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Fadoyebo kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì di àgbàlagbà kí ó tó kú ní 2012. Bí àwọn Ará Jàpáànì bá mọ̀ ni, ikú ni èrè onílé náà. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni nípa Ogun Bómà sọ ìhà ìtàn yìí fún àwọn ọmọ.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ Gámbíà?

Bàngládẹ́ṣì tí ẹrù àwọn ogúnléndé já lé lórí ni ènìyàn ìbá retí pé kí ó pẹjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàngládẹ́ṣì ń wọ inú Àdéhùn lòdì sí Ìpẹ̀yàrun ti 1948, ó yọ abala kẹsàn-án sílẹ̀, èyí tí ó fún Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé láṣẹ láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà. Myanmar tí ó ti wọ inú àdéhùn náà láti 1956 kò yọ abala yìí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Gámbíà tí ó wọlé ní 1978. (Nàìjíríà tí à ń pè ní òmìrán Áfíríkà kò tilẹ̀ wọ inú àdéhùn náà títí di 2009.)

Ìdí kejì wà nínú ìtàn Gámbíà fúnra rẹ̀. Ọdún 22 ni Yahya Jammeh fi ṣe ìjọba ìpayà níbẹ̀. Nígbà tí ó fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù Kejìlá ọdún 2016 tí ó sì kọ̀ láti lọ, inú ilé aṣojú Gámbíà ní Dakar ni wọ́n ti búra fún Adama Barrow ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017. Àwọn ọmọ-ogun ECOWAS, tí ti Nàìjíríà wà lára wọn, ni ó mú kí Jammeh gbà láti kúrò. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ará òde gbà sílẹ̀ kò lè tètè gbàgbé ohun tí ó túmọ̀ sí kí ẹlòmíràn dá sí ọ̀ràn ẹni.

Ìdí kẹta ni Abubacarr Tambadou, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà àti mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-ẹjọ́ tí ó dá ẹjọ́ ìpẹ̀yàrun Rùwáńdà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ó lọ ṣe aṣojú Gámbíà níbi ìpàdé àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, OIC, ní Dhaka, ó sì dé àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Cox's Bazar. Ohun tí ó gbọ́ níbẹ̀ rán an létí Rùwáńdà. OIC fi Gámbíà ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò wá ìdájọ́ fún àwọn Rohingya, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá owó.

Àwọn kan sọ pé ó yẹ kí Gámbíà kọ́kọ́ gbá ilé tirẹ̀. Ní èrò tiwa, àtakò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní 2019 yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ tí ń wádìí ìwà ìkà ìgbà Jammeh ń gbọ́ ẹ̀rí ní gbangba.

Ẹ̀kọ́ 1966

Gámbíà kọ́ ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò ní The Hague. Ní 1960, Etiópíà àti Làìbéríà pe Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ lórí ìyà tí ó fi ń jẹ àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàmíbíà lónìí. Ọmọ Nàìjíríà kan, Louis Mbanefo, ni wọ́n yàn láti bá àwọn adájọ́ jókòó. Ọdún mẹ́fà ni ẹjọ́ náà gbà. Ní oṣù Keje ọdún 1966, àwọn adájọ́ pín sí méjì ọgbọọgba, méje sí méje. Ìbò àjùlọ tí Ààrẹ ilé-ẹjọ́, Percy Spender, ní ni ó fi tì wọ́n síta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kan Etiópíà àti Làìbéríà débi tí wọn yóò fi béèrè ìdájọ́. Ní èdè wa, wọ́n pè wọ́n ní alátojúbọ̀. Mbanefo kò fara mọ́ ìdájọ́ náà.

Ó pẹ́ kí ilé-ẹjọ́ náà tó kúrò lójú kan. Ní 2012, nígbà tí Bẹ́ljíọ̀mù pe Sẹ̀nẹ̀gà lẹ́jọ́ nítorí Hissène Habré, ààrẹ Ṣáàdì tẹ́lẹ̀ rí, ilé-ẹjọ́ sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá wọ inú àdéhùn tí ó lòdì sí ìdálóró ni ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a pa á mọ́. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni Gámbíà dúró lé.

Ẹjọ́ náà àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Aung San Suu Kyi, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí àlàáfíà ní 1991, wá fúnra rẹ̀ láti gbèjà ìjọba rẹ̀. Ó ní àlàyé Gámbíà kò pé, ó sì ń ṣini lọ́nà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, gbogbo àwọn adájọ́ fi ohùn ṣọ̀kan pàṣẹ pé kí Myanmar dáàbò bo àwọn Rohingya tí ó kù nílé, kí ó má ṣe ba ẹ̀rí jẹ́, kí ó sì máa jábọ̀ fún ilé-ẹjọ́. Àṣẹ kò dá ogun dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 àwọn ológun gbàjọba, wọ́n sì ti Suu Kyi mọ́lé. Aṣojú àwọn ológun ni ó wá rojọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Àtakò Myanmar kò yàtọ̀ sí ti 1966: OIC ni ó rán Gámbíà níṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì kàn án. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ da àtakò wọ̀nyí nù. Lórí ẹ̀tọ́ Gámbíà láti pẹjọ́, adájọ́ 15 fara mọ́ ọn, ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ńlá wá tẹ̀ lé kékeré. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Kánádà, Dẹ́nmáàkì, Faransé, Jámánì, Nẹ́dálándì àti Gẹ̀ẹ́sì jọ kọ̀wé pé àwọn fẹ́ dá sí ẹjọ́ náà. Ní oṣù kan lẹ́yìn náà, Gúúsù Áfíríkà lo àdéhùn kan náà láti pe Ísírẹ́lì lẹ́jọ́ lórí Gásà, Gúúsù Áfíríkà tí Etiópíà àti Làìbéríà kò rí mú ní 1966. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, àwọn aṣojú Gámbíà padà sí The Hague láti rojọ́ lórí kókó ẹ̀sùn náà gan-an, ọdún mẹ́fà lé díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ pè é.