Ìlò Ilẹ̀ àti Ibùgbé Ẹranko Igbó: Bí A Ṣe Ń Fi Òní Mọ Ọ̀la Wọn

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí, kí àdá tó kan igi, ohun tí yóò dé bá ẹran, ẹyẹ àti kòkòrò nígbà tí ènìyàn bá sọ ẹgàn di oko, tí ó sọ oko di abúlé, tí ó sì sọ abúlé di ìlú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Láti òkèèrè náà ni àwọn onímọ̀ yìí ti ń wo ilẹ̀, nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, nítorí pé ìrókò tí a bá gé lówùúrọ̀, ọmọ ọmọ wa ni yóò rí arọ́pò rẹ̀, bí a bá tilẹ̀ gbìn ín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwòrán ilẹ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Láti 1972, tí Amẹ́ríkà ti fi sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òfurufú, ni a ti ń ya àwòrán ojú ilẹ̀ léraléra, tí a sì lè fi ti ọdún kan wé ti òmíràn, kí a rí ibi tí ẹgàn ti di oko kòkó àti ibi tí oko ti di òrùlé páànù. Ìfiwéra yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò ibi tí àdá yóò tún dé: ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ọ̀nà mọ́tò àti ilẹ̀ tí ó bá oko pààlà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni a óò wá wo ohun tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Ọ̀yà a máa yọ̀ sí pápá koríko àti oko àgbàdo, òkété kò sì sá fún ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n àgbìgbò, tí ó ń wá ihò inú igi ńlá láti yé ẹyin sí, kò ní ibi tí yóò gbé e lọ bí igi ńlá bá tán.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo igbó kan tí òró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1, èyí tí í ṣe hẹ́kítà 100. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa ti etí igbó wọlé. Bí a bá kà á sí pé wọ́n wọlé tó mítà 100 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ojúlówó àárín ẹgàn, níbi tí ilẹ̀ ti tutù tí òkùnkùn sì ṣú, kò ju hẹ́kítà 64 lọ. Kí àwọn agégẹdú wá la ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní mítà 20 gba àárín rẹ̀ kọjá: ilẹ̀ tí ọ̀nà náà gbà kò ju hẹ́kítà 2 lọ, síbẹ̀ àárín ẹgàn yóò já wá sí nǹkan bí hẹ́kítà 46, nítorí pé ọ̀nà náà ti dá etí méjì tuntun sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ka igi tí ó wó nìkan yóò ní kò séwu; ẹran tí ń gbé inú òkùnkùn ni ó mọ̀ pé ilé ti lọ.

Robert MacArthur àti Edward Wilson, àwọn onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1967 lórí àwọn erékùṣù, fi hàn pé bí ilẹ̀ bá ti kéré tó ni irú ẹ̀dá tí ó lè gbà ń kéré. Igbó tí oko yí ká náà dà bí erékùṣù: ìṣirò tí a sábà ń lò ni pé bí igbó bá ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, nǹkan bí ìdajì irú ẹ̀dá inú rẹ̀ ni yóò parẹ́ níkẹyìn. Níkẹyìn ni mo wí: gbèsè ni, kì í ṣe owó ọwọ́, nítorí pé ẹran tí a ṣì ń rí lónìí lè jẹ́ àṣẹ́kù tí kò ní àrólé.

Ọ̀ràn àjànàkú nínú igbó ọba tí à ń pè ní Ọmọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Láti 1925 ni wọ́n ti ya igbó náà sọ́tọ̀, ó sì fẹ̀ ju hẹ́kítà 130,000 lọ. Ṣùgbọ́n oko kòkó àti igi gmelina tí a gbìn ní ìlà-ìlà ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Erin, a-fẹsẹ̀-bí-odó-lànà-nínú-ẹgàn, a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù 22, nítorí náà iye rẹ̀ kì í tètè padà sípò. Òun sì ni ó ń jẹ èso òro, tí ó ń fi imí rẹ̀ gbin kóró náà síbi jíjìnnà, igi kan náà tí a ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n. Àsọtẹ́lẹ̀ tí ó bá ka igi láìka erin kò tíì pé, nítorí olùgbìn igi ni erin.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Iye owó kòkó lè gòkè, ọ̀nà tuntun lè là, òjò lè yí àkókò padà. Nítorí náà ìṣirò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò tó gbára lé. Mo gbà pẹ̀lú pé kò yẹ kí a fi sátẹ́láìtì nìkan ṣe é, nítorí pé kò sí àwòrán òfurufú tí ó lè fi ipasẹ̀ ẹtu hàn lábẹ́ ewé, ṣùgbọ́n ọdẹ a máa rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, ẹ béèrè fún ìṣirò yìí kí ọ̀nà agégẹdú tó là, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì dá ọ̀nà tí erin ń gbà láti Ọmọ̀ lọ sí igbó ọba tí à ń pè ní Olúwa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, sí.