Twins Seven-Seven

Twins Seven-Seven (3 oṣù Kàrún 1944 – 16 oṣù Kẹfà 2011) jẹ́ ayàwòrán, olórin àti oníjó ọmọ Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Táíwò Ọláníyì Oyèwálé-Tóyèjẹ Ọ̀ṣuntókí. Ó wà lára àwọn tí ó gbé orúkọ Òṣogbo dé àwọn ilé ọnà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ìgbà kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa iṣẹ́ ọnà.

Ìbí àti orúkọ rẹ̀

Ògìdì ni wọ́n ti bí i, ní ilẹ̀ Ìjùmú tí ó bá Àkókó pààlà, tí ó sì wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ará Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀, láti ìdílé Ọ̀ṣuntókí tí ó ti jẹ Baálẹ̀ ìlú náà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ lásán. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ, ìbejì ni ìyá rẹ̀ ń bí léraléra títí ó fi pé ìgbà méje, òun nìkan ni ó sì yè nínú gbogbo wọn. Lójú òbí tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe ọmọ tí a lè fọkàn balẹ̀ lé. Àbíkú ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run sì lè pè é padà nígbàkigbà. Ẹ̀rù yìí, àti ìyanu pé òun ṣì wà láàyè, kò kúrò nínú àwòrán rẹ̀ títí ó fi jáde láyé.

Bí ó ṣe dé Òṣogbo

Oníjó ni kí ó tó di ayàwòrán. Ó ń bá àwọn tí ń polówó oògùn rìn láti ìlú dé ìlú, ijó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kó èrò jọ. Báyìí ni ó ṣe dé Òṣogbo ní ọdún 1964, tí ó sì yọjú sí òde ijó kan ní Mbari Mbayo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ìmúra rẹ̀ àti ijó rẹ̀ wu Ulli Beier, ó sì ní kí ó dúró.

Dúró Ládípọ̀, òṣèré àti olórin, ni ó dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Beier. Èdè Ìgbò ni "mbari". Àwọn ará Òṣogbo ni ó sọ ọ́ di "m bá rí, m bá yọ̀", ó sì bá ibẹ̀ mu. Níbẹ̀ ni Georgina Beier ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní 1964. Muraina Oyelami, Jimoh Buraimoh, Bisi Fabunmi àti Rufus Ogundele wà lára àwọn tí orúkọ wọn tan láti inú ètò yìí. Georgina kò fi àwòrán òyìnbó síwájú wọn pé kí wọ́n wò ó yà. Ó pèsè bébà àti ọ̀dà, ó sì ń wo ibi tí ọwọ́ kálukú yá sí. Ọwọ́ Twins yá sí ilà fífà ju àwọ̀ lọ, nítorí náà gègé àti tàdáwà ni iṣẹ́ rẹ̀ gbé dúró.

Bí àwòrán rẹ̀ ṣe rí

Kì í fi àyè sílẹ̀. Ilà wẹ́wẹ́, ẹ̀ka igi, ìpẹ́ ẹja àti ojú kéékèèké ni ó fi máa ń kún gbogbo ara bébà tàbí pákó. Ojú lè wà nínú ikùn ẹranko, ẹyẹ lè hù láti orí ènìyàn, igi náà sì lè ní ẹsẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó pelebe tí àwọn káfíńtà ń pè ní plywood, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ní ìpele-ìpele kí àwòrán lè yọ jáde, ó sì ń fi àwọ̀ pa á láró.

Bí a bá fi iṣẹ́ yìí wé ti àwọn expressionist tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn tí kì í ya nǹkan bí ojú ṣe rí i bí kò ṣe bí ó ṣe ká wọn lára, ìjọra wà. Ṣùgbọ́n ìdàmú ẹnì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà nínú tiwọn. Iwin àti ọ̀rọ̀ tí Twins ń yà kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti gbọ́ àlọ́, tàbí tí ó ti ka D. O. Fágúnwà tàbí Amos Tutuola. Inú igbó kan náà ni wọ́n ti jáde.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba ti àwọn ará Òṣogbo. Àwọn kan lára àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ka iṣẹ́ wọn sí ohun tí òyìnbó gbé kalẹ̀ fún òyìnbó láti rà. Ẹ̀sùn náà kò bófin mu pátápátá nínú ọ̀rọ̀ Twins, nítorí òyìnbó lè fún ènìyàn ní gègé, kò lè fún un ní ìtàn àbíkú. Òótọ́ ni pé àwọn aláfarawé pọ̀, èyí tí ó ń mú kí ó ṣòro nígbà mìíràn láti mọ ojúlówó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdílé rẹ̀

Ó ní ìyàwó púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì bíi tirẹ̀, ẹni tí ó kúrò nílé náà níkẹyìn, tí ó sì di gbajúmọ̀ nípa àdìrẹ àti nípa ilé ọnà tí ó dá sílẹ̀.

Ìgbà ìkẹyìn

Ní 1989, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìpàtẹ Magiciens de la Terre ní Paris. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, A Dreaming Life, tí Ulli Beier ṣe àtúntò rẹ̀, jáde ní 1999. Ó gbé ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, níbi tí nǹkan ti le fún un débi pé ó ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ilé ìtajà kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kàrún 2005, UNESCO fi oyè Olórin-Ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Ó padà wálé, ó sì kú ní Ìbàdàn, ìlú bàbá rẹ̀, lẹ́yìn àìsàn rọpárọsẹ̀, ní ẹni ọdún 67.