Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: Láti Àjàṣẹ́ Ọdún 1959 dé Kùtọnú Ọdún 1990

Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, wà létí ibodè Nàìjíríà ní ẹ̀ka Plateau nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìgólò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ènìyàn ń gbà bọ́ sí Ìdí-Ìrókò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó pín ilẹ̀ Àjàṣẹ́ àti ti Èkó níyà. Àdéhùn yìí la àwọn Ìfọ̀nyìn àti Ànàgó sí méjì, àwọn ọmọ baba kan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lábẹ́ òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oṣù méjì péré ló wà láàárín òmìnira ìhà méjèèjì: Dàhòmì gbà tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá.

Púpọ̀ nínú wa mọ ìtàn ìhà Ìdí-Ìrókò, bí wọ́n ṣe jókòó sórí ọ̀rọ̀ òfin ní Ìbàdàn ní 1950 àti bí wọ́n ṣe lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà. Ìwé òfin tó ń ṣàkóso ilé wa ní Ìfọ̀nyìn ni a kì í sábà sọ ní èdè wa. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí sílẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1958 ni àwọn ará Dàhòmì dìbò pé àwọn yóò wà nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí de Gaulle ń dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún náà, ìgbìmọ̀ tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́ kéde pé Dàhòmì ti di orílẹ̀-èdè olómìnira nínú ẹgbẹ́ náà, ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló sì kọ òfin àkọ́kọ́, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 1959. Ara òfin ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. A kò bá wọn wí jù. Àkókò kò tó, ohun tí ń jẹ wọ́n lọ́kàn kì í sì í ṣe ìwé bí kò ṣe ta ni yóò jókòó sórí àga.

Ọkùnrin mẹ́ta ló ń fa àga yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́: Sourou-Migan Apithy láti ìhà Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ Ànàgó ti ń tẹ̀ lé e, Justin Ahomadégbé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rinlẹ̀ ní Àbómẹ̀, àti Hubert Maga, ọmọ ìhà àríwá. Ní ìbò oṣù kẹrin ọdún 1959, àga 70 ni wọ́n ń dù. Ẹgbẹ́ Apithy mú 37, ti Maga mú 22, ti Ahomadégbé mú 11 péré, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ Ahomadégbé ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlú gbóná. Wọ́n ní láti jókòó tún àga pín kí ara tó rọlẹ̀, Maga sì di olórí ìjọba.

Láti ìgbà náà, ìjà mẹ́ta yìí ni ìwé òfin kọ̀ọ̀kan ń gbìyànjú láti parí. Òfin oṣù kọkànlá ọdún 1960 kó agbára jọ sọ́wọ́ ààrẹ kan. Maga di ààrẹ, Apithy di igbákejì, Ahomadégbé wà lóde. Àwọn ológun lé Maga ní oṣù kẹwàá ọdún 1963. Òfin 1964 wá pín agbára sí méjì: Apithy jẹ́ ààrẹ, Ahomadégbé jẹ́ igbákejì àti olórí ìjọba. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan, ṣùgbọ́n ìwé òfin ní kí wọ́n gbé e. Orí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ́ olórí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ni wọ́n ti tú ká, ológun sì tún wọlé ní 1965.

Ti ọdún 1970 ló jọ wá lójú jù. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa jẹ olórí lọ́dún méjì-méjì, bí ẹni ń dá èsúsú. Maga kọ́kọ́ kó tirẹ̀. Ahomadégbé gbà á ní oṣù karùn-ún ọdún 1972. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Mathieu Kérékou kó ológun wọlé, èsúsú sì fọ́ kó tó kan Apithy. Ní 1975 orúkọ ìlú yí padà sí Bẹ̀nẹ̀; ní oṣù kẹjọ ọdún 1977 òfin ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo jáde.

Nígbà tí ọdún 1989 fi ń parí, ilé ìfowópamọ́ ti dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù kò jáde, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà lójú títì. Kérékou jáwọ́ nínú ìlànà Marx, ó sì pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990 ni nǹkan bí 500 aṣojú péjọ sí ilé ìtura kan ní Kùtọnú: olóṣèlú, olùkọ́, àgbẹ̀, oníṣòwò, aṣojú ẹ̀sìn, ológun, àwọn tó wá láti òkè òkun. Maga, Ahomadégbé àti Zinsou tó ti jẹ ààrẹ rí wà níbẹ̀. Apithy ti kú ní oṣù kejìlá tó ṣáájú. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí rẹ̀.

Àríyànjiyàn tó le jù kì í ṣe ti abala kan nínú òfin. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: ṣé ìmọ̀ràn la wá fún ààrẹ ni, àbí àṣẹ la wá pa? Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ràn, Kérékou lè fi pamọ́ sínú àpótí. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ, ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ìbọn sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 wọ́n dìbò pé àṣẹ ni. Ìbẹ̀rù gba ìlú títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí Kérékou gbà. Nicéphore Soglo di olórí ìjọba, ìgbìmọ̀ tí Maurice Ahanhanzo Glèlè ṣe alága rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin.

Ẹni tó bá ka òfin náà lẹ́yìn ìtàn òkè yìí yóò rí i pé ọgbẹ́ àtijọ́ ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ abala rẹ̀. Ààrẹ kan ni, kì í ṣe méjì tàbí mẹ́ta. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré láyé ẹni. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá gbàjọba, abala 66 sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ará ìlú láti má gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n tún ní ẹni tí yóò dupò ààrẹ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 40, kò sì gbọdọ̀ lé ní 70. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé èyí ti ilẹ̀kùn mọ́ Maga, Ahomadégbé àti Zinsou. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé nígbà ìbò ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1990, wọ́n jẹ́ kí olùdìbò lè gba òfin náà láìgba ti ọjọ́ orí. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló gbà á pẹ̀lú ọjọ́ orí. Ó di òfin ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe títí di 2019.

Ní ti èdè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Abala kìíní sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. Abala 11 fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti sọ èdè wọn, kí wọ́n sì máa kọ ọ́. Abala 40 ní kí ìjọba máa kọ́ ará ìlú ní ẹ̀tọ́ wọn ní èdè abínibí, pàápàá lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Lójú tiwa, ìlérí yìí ṣì kù díẹ̀ káàtó. Àgbàlagbà tó ń tajà ní Ìgólò lè mọ iye owó ibodè lórí, kó má sì mọ̀ pé abala 66 wà.

Àwọn tó kọ òfin náà fi ohun kan sí i tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ kà á. Abala 53 ní kí ààrẹ búra níwájú Ọlọ́run, níwájú àwọn baba ńlá tó ti lọ, níwájú orílẹ̀-èdè àti ará ìlú. Nígbà tí Kérékou padà wọlé nípa ìbò ní oṣù kẹrin ọdún 1996, ó ti di onígbàgbọ́, ó sì fo ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá nínú ìbúra rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ ní ìbúra náà kò bófin mu. Láàárín ọjọ́ méjì, ó tún un bú, ó sì dárúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ Faransé tó wà níbẹ̀, «les Mânes des Ancêtres», kò rọrùn láti mú wá sí Ànàgó. «Òkú ọ̀run» ni àwọn kan nínú wa fẹ́, nítorí pé òun ni ẹnu egúngún mọ̀. Àwọn mìíràn ní «àwọn alálẹ̀», nítorí pé ẹni tó ń búra láti jọba lórí ilẹ̀, àwọn tó ni ilẹ̀ náà ló yẹ kó gbọ́. «Alálẹ̀» ni a fi sínú ìtumọ̀ abala 53 tí a ń ṣe lọ́wọ́.