Ètò Kọ̀ǹpútà Tó Ń Sọ Ìtàn Ara Rẹ̀

Ní sáà tó kọjá, a rí fáìlì méjì nínú fúláàṣì kan tí àwọn tó ṣáájú wa ní ẹ̀ka wa fi sílẹ̀. Ètò tí wọ́n fi ń tẹ àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ni méjèèjì, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èkejì ń gbé àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ. Èwo ni tuntun? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tẹ àṣẹ kan, ó sì ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde láti inú fáìlì náà gan-an. Ẹnu yà wá. Èyí tó ń ṣe ségesège ni ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ wa jù!

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ ká wádìí bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn ara rẹ̀ sínú. Ohun tí ènìyàn lè kà ni ẹni tó ń ṣe ètò máa ń kọ. Òun ni wọ́n ń pè ní kóòdù. Kọ̀ǹpáílà ló ń yí kóòdù padà sí fáìlì tí ẹ̀rọ lè lò. Bó bá ti yí i padà tán, ojú lásán kò lè wò ó kó mọ ẹ̀dà kóòdù tó ti wá.

Ní ọdún 1972, Marc Rochkind bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí SCCS ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ SCCS ni láti tọ́jú gbogbo ẹ̀dà kóòdù. Òǹkọ̀wé á kọ àmì kékeré bíi %W% sínú kóòdù rẹ̀. Bí SCCS bá ń gbé ẹ̀dà kan jáde, á fi orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ẹ̀dà náà rọ́pò àmì yẹn, á sì fi @(#) ṣáájú wọn. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tí ètò gbé dání, bó ṣe wà ni kọ̀ǹpáílà á ṣe gbé e kọjá. Àṣẹ tó ń jẹ́ what á wá @(#) kiri inú fáìlì, á sì ka ohun tó tẹ̀lé e síta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Walter Tichy ṣe irú rẹ̀ nínú RCS ní Yunifásítì Purdue. $Id$ ni àmì tirẹ̀.

Èdè C tún mú un rọrùn pẹ̀lú màkírò. Màkírò dà bí "a.b.b.l." tí a máa ń kọ sínú ìwé: lẹ́tà mẹ́rin la kọ, "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" ni òǹkàwé á kà. Kí kọ̀ǹpáílà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, á ti fi ohun tí màkírò dúró fún rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìlànà ANSI fún èdè C jáde ní 1989, __DATE__ àti __TIME__ wà nínú rẹ̀: ọjọ́ àti aago tí wọ́n yí kóòdù padà ni wọ́n ń dì sínú fáìlì.

Ṣùgbọ́n ta ló ní àmì kì í purọ́? Láti ọdún 2001 ni Linux ti ń lo màkírò MODULE_LICENSE. Ó ń kọ irú ìwé àṣẹ tí ètò àfikún kan ní sínú rẹ̀. Bí ìwé àṣẹ náà kò bá bá ti Linux mu, Linux á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbààwọ́n ti wọ ara òun, á sì fi àwọn iṣẹ́ kan du ètò náà. Ní 2004, àwọn ènìyàn rí i pé ilé-iṣẹ́ Linuxant kọ "GPL", wọ́n fi báìtì òdo tẹ̀lé e, kí wọ́n tó kọ ìyókù ọ̀rọ̀ wọn. Ibi tí báìtì òdo bá wà ni ọ̀rọ̀ ń parí sí nínú èdè C. Linux ka "GPL", ó dúró, ó sì gbà wọ́n wọlé. Ilé-iṣẹ́ náà ní ìkìlọ̀ tó ń jáde léraléra ló ń da àwọn oníbàárà àwọn láàmú. Bí ẹni tó kọ ilà ìdílé onílé kó lè wọ agbo ilé ló rí lójú wa.

Àmì tó sọ òótọ́ náà lè fa wàhálà. Bí ènìyàn méjì bá yí kóòdù kan náà padà, ó yẹ kí fáìlì wọn bára mu délẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ki nǹkan búburú bọ̀ ọ́. __TIME__ kò jẹ́ kí wọ́n bára mu, nítorí aago wọn yàtọ̀. Àwọn ará Debian gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ní 2013. Ní 2015, SOURCE_DATE_EPOCH dé: ọjọ́ tí wọ́n tún kóòdù ṣe kẹ́yìn ni wọ́n sábà ń fi sínú rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀rọ yí i padà.

Ibẹ̀ ni àdììtú fúláàṣì wa ti tú. Ọjọ́ tí a kà kò purọ́, àwa la bi í ní ohun tí kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni lè mú kóòdù àtijọ́, kó yí i padà lónìí, kí ọjọ́ òní sì wà lára rẹ̀. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ ìkómọ nìkan kò sọ ilé tí ọmọ ti wá. A ti bẹ ọ̀rẹ́ wa pé, nínú èyí tó ń bá wa ṣe lọ́wọ́, kó má kọ ọjọ́ nìkan, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀dà kóòdù náà síbẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa má baà ṣe irú wàhálà tí a ṣe.