Theodor Kocher: Oníṣẹ́ Abẹ Tí Ó Yí Ìtọ́jú Gẹ̀gẹ̀ Padà

Theodor Kocher jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àti olùwádìí ọmọ orílẹ̀-èdè Swítsálándì. Wọ́n bí i ní ìlú Bern ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 1841, ó sì jáde láyé ní ìlú kan náà ní ọdún 1917. Òun ni oníṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ó gbà á ní ọdún 1909 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tí ó rí bí labalábá ní iwájú ọrùn. Nígbà tí ẹ̀yà ara yìí bá wú ni a ń sọ pé ènìyàn ní gẹ̀gẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ayé Kocher, gẹ̀gẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an ní àwọn àgbègbè olókè Swítsálándì, nítorí pé áyódíìnì kò tó nínú ilẹ̀ àti oúnjẹ wọn. Ti àwọn mìíràn a máa tóbi débi pé yóò fún ọ̀nà èémí wọn. Síbẹ̀, ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ń ba àwọn dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ń dà àti egbò tí ń kẹ̀.

Nígbà tí Kocher di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Bern ní ọdún 1872, ó tẹ̀lé ìlànà ìmọ́tótó Joseph Lister. Ó ń di iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó gé e, ó sì ń fi sùúrù yẹra fún iṣan tín-ín-rín tí ń darí ohùn. Títí di ọdún 1912, ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní nǹkan bí ìgbà 5,000. Ní ìgbẹ̀yìn, iye àwọn tí ń kú kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú 200 lọ.

Ohun tí ó rí ní ọdún 1883

Àṣeyọrí yìí ní ẹ̀yìn. Ní ọdún 1882, Jacques-Louis Reverdin, dókítà kan ní Geneva, sọ fún un pé ara àwọn tí a gé gbogbo táírọ́ìdì wọn kúrò kì í bọ̀ sípò. Kocher ránṣẹ́ pe àwọn aláìsàn rẹ̀ padà. Nínú àwọn 18 tí ó yẹ̀ wò, 16 ni ara wọn ti yí padà: ojú wọn wú, ìrònú wọn falẹ̀, òtútù ń mú wọn, àwọn ọmọdé inú wọn kò sì dàgbà mọ́.

Kocher kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó kéde rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1883, ó sì jáwọ́ nínú gígé gbogbo táírọ́ìdì kúrò nítorí gẹ̀gẹ̀ lásán. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ pé ara kò lè ṣe é tì láìsí ohun tí táírọ́ìdì ń pèsè. Ní ọdún 1891, George Murray ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi omi inú táírọ́ìdì àgùntàn tọ́jú aláìsàn kan. Lónìí, oògùn oníhóró ni a ń lò.

Jẹjẹrẹ ahọ́n àti ti ọrùn

Kocher tún ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ahọ́n. Ní ọdún 1880, ó ṣàlàyé bí a ṣe lè gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé láti yọ ọ́, pa pọ̀ mọ́ àwọn kókó inú ọrùn tí jẹjẹrẹ máa ń gbà tàn kálẹ̀. Ní ti jẹjẹrẹ táírọ́ìdì, ó ṣì lè pọn dandan láti yọ gbogbo ẹ̀yà ara náà. Oògùn ojoojúmọ́ ni yóò sì dípò rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ará ìlú ṣe

• Ẹ máa lo iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí, kí ẹ sì máa dé e dáadáa.

• Kì í ṣe gbogbo kókó ọrùn ni gẹ̀gẹ̀. Bí kókó bá le, tí ó ń yára dàgbà, tàbí tí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bí ohùn bá há tí kò sàn, tàbí tí oúnjẹ ṣòro láti gbé mì, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i.

• Ẹni tí a bá ti yọ gbogbo táírọ́ìdì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Kí ó máa padà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí dókítà bá dá fún un. Pípè tí Kocher pe àwọn aláìsàn rẹ̀ padà ni ó jẹ́ kí ó rí àìsàn tí ó ń bá wọn jà.