Ahéré Àwọn Ṣọ́jà Orí Òkè ní Colorado

Ṣé ohùn mi ń dé ọ̀dọ̀ yín? Màmá kan nínú wa béèrè pé ọmọ òun tó wà ní Denver àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sùn ní ahéré kan lórí òkè nígbà òtútù. Wọ́n á gbé ẹrù pọ̀n, wọ́n á so síkì mọ́ ẹsẹ̀, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Mọ́tò kì í débẹ̀. Màmá ní ṣé orí wọn pé báyìí? Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn, Mà, torí inú ìtàn ahéré wọ̀nyẹn ni ètò ìrìn àjò náà ti wá.

Lọ́dún 1942, ìgbà ogun Hitler, ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ bárékè kan sí àfonífojì ní Colorado, wọ́n pè é ní Camp Hale. Ibẹ̀ ga tó 2,800 mítà. Jos tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, tí a ń fi ọyẹ́ rẹ̀ yangàn, bíi 1,200 ni tiwa. Ibùdó náà lè gba ṣọ́jà bí 15,000. Wọ́n ń kọ́ síkì, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fi okùn gun àpáta, àti bí èèyàn ṣe ń sùn síta nínú yìnyín kó má kú. Èéfín èédú kì í rí ọ̀nà jáde ní àfonífojì ọ̀hún, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ní 1944, wọ́n kó wọn lọ sórí òkè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbáko. Òtútù jẹ àwọn kan ní ìka ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ lẹ́yìn ogun pé ìdánrawò yẹn le ju ojú ogun lọ.

Ojú ogun náà ńkọ́? Ítálì ni. Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1945, wọ́n gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Riva Ridge nínú òkùnkùn. Àwọn Jámánì tó wà lókè kò rò ó rárá pé ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ yẹn gòkè. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá wọn lórí. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mélòó kan tí wọ́n fi jà, àwọn tó kú nínú 10th Mountain Division fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000.

(Ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni ẹ ń gbọ́ yẹn.)

Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà náà ni Fritz Benedict. Ogun parí, ó tẹ̀dó sí Aspen, ó ń ya àwòrán ilé. Òun ló mú un wá lọ́dún 1980 pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò kọ́ ahéré sáàárín òkè, kí èèyàn lè máa fi síkì rìn láti ọ̀kan dé èkejì, ní ìrántí àwọn ṣọ́jà yẹn. Ta ló wá ṣètò owó méjì àkọ́kọ́? Robert McNamara! Àwọn àgbà á rántí rẹ̀: mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà ogun Vietnam, tó wá di ọ̀gá Báńkì Àgbáyé. Ìyàwó rẹ̀, Margaret, kú ní 1981. Lọ́dún 1982 wọ́n kọ́ méjèèjì, ọ̀kan ń jẹ́ McNamara, èkejì ń jẹ́ Margy's. Ní tèmi o, mo fẹ́ràn irú ìrántí yìí ju ère òkúta lọ. Èèyàn ń rí ibi sùn nínú rẹ̀.

Margy's yẹn ga ju 3,400 mítà lọ. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 ni. Kò sí òṣìṣẹ́ tó ń dúró de àlejò níbẹ̀. Ẹ óò bá bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, igi ìdáná àti ààrò onírin. Yìnyín ni ẹ óò yọ́ lórí ààrò kí ẹ tó rí omi mu. Ṣáláńgá wà níta. Oúnjẹ, aṣọ, àpò tí a ń sùn sínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀, ẹ̀yìn ara yín ni yóò bá débẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ahéré kì í pe èèyàn. Bí ẹ bá tàsé rẹ̀, ẹ ti tàsé rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 1993, èèyàn méje ń lọ sí ahéré kan lẹ́bàá Aspen, Goodwin-Greene. Ìjì yìnyín dé, ẹgbẹ́ náà pín, márùn-ún sọnù fún ọjọ́ mélòó kan. Ọlọ́run yọ wọ́n, gbogbo wọn jáde láàyè. Mo rò pé bí àárẹ̀ bá ti mú ẹnì kan, kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ padà, kí ẹnikẹ́ni má ní owó ahéré ti wọlé.

Nítorí náà, Mà, ẹ má kàn sọ fún un pé kó má lọ, kò ní gbọ́. Bi í léèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ta ló mọ máàpù kà nínú wọn, kì í ṣe orí fóònù nìkan? Agogo mélòó ni wọ́n máa gbéra? Òwúrọ̀ kùtù ni kí ó jẹ́, torí ilẹ̀ tètè ń ṣú. Ṣé wọ́n á sùn níbi gíga fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara wọn tó gbà á? Kí ló sọ nípa yìnyín tó ń ya láti orí òkè? Ilé iṣẹ́ kan wà ní Colorado tó ń kéde ewu rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà òtútù. Kálukú gbọ́dọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àyà tó ń fi ibi tó wà han àwọn yòókù, kó ní ṣọ́bìrì àti ọ̀pá ìwádìí, kó sì ti fi wọ́n dánra wò. Ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, tí wọn kò bá tíì hú u jáde láàárín ìṣẹ́jú 15, ìrètí rẹ̀ ń dín kù gidi gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lè hú u jáde. Ọlọ́pàá kò lè débẹ̀ lásìkò.

Bí ó bá dáhùn gbogbo ẹ̀ láìfòyà, ẹ gbàdúrà fún un, kó máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Pete Seibert, ṣọ́jà mìíràn tó ti Camp Hale wá, tó fara gbọgbẹ́ ní Ítálì, tó sì padà lọ dá ìlú Vail sílẹ̀. Ó dàárọ̀ o.